Kóòṣì tó Máa Ń Dúró ní Àárín Òkè

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni bàbá tó bí ìyá mi dágbére fáyé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ìrun àsùbáà tán. Kí ìrun Jímọ̀ tó pé, a ti sin wọ́n. Ohun tó ya àwọn ará àdúgbò wa ní Beyerunka lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni iye kẹ̀kẹ́ tó kún ojú ọ̀nà. Wọ́n gbé e ti ògiri láti ẹnu ọ̀nà agboolé wa títí dé ìsàlẹ̀, àwọn tó ni ín sì wọlé wá pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀ àti omijé lójú. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní ogójì ọdún.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹbí ti ń sọ fún mi pé, "Rúká, ìwọ lo mọ̀wé kọ, ìwọ náà ni Bàbá fẹ́ràn jù. Kọ nǹkan nípa wọn." Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Ìtìjú ni.

Bùsàrí Àrẹ̀mú ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Kóòṣì ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Mẹ́séńjà ìjọba ni wọ́n ní Agodi nígbà ayé iṣẹ́ wọn, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ti ń gbé lẹ́tà láti ọ́fíìsì kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń jókòó ta ayò, Bàbá kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n ń kọ́ wọn ní eré kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe márúwá tó ń kó èrò. Àràárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń pàdé níwájú Gbọ̀ngàn Mápó. Bàbá á dé pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, orógbó lẹ́nu, àti aago ńlá ara ògiri nínú ọ̀rá dúdú. Aago pálọ̀ wa ni. Wọ́n ní àwọn ò fọkàn tán aago inú fóònù, nítorí náà gbogbo Sátidé ni a kì í mọ iye tí aago lù nílé títí Bàbá á fi dé.

Wọn kì í pariwo. Èyí ló kọ́kọ́ máa ń ya àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu, torí pé gbogbo kóòṣì tí wọ́n ti rí ni ohùn rẹ̀ ń há. Ti Bàbá rọ̀ débi pé o ní láti rìn súnmọ́ wọn kí o tó gbọ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í jágbe mọ́ àwọn tó bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bí mo bá ń pariwo lé e lórí, ariwo mi ló máa gbé e. Ọjọ́ tí mi ò bá sí ńkọ́?"

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún kan, ó ti sú mi. Òjò rọ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan, mo faṣọ borí, mo sọ fún Bàbá pé ara mi ò gbé e. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní, "Mi ò ní kí o sáré. Wọ bàtà rẹ, kí o gun kẹ̀kẹ́ dé Bẹẹrẹ. Bí o bá dé Bẹẹrẹ, tí kò sì wù ọ́ síbẹ̀, yí padà wálé, kí o wá sùn. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́."

Láti Beyerunka dé Bẹẹrẹ kò tó nǹkan lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo bá fi débẹ̀, oorun á ti dá, ẹsẹ̀ á ti gbóná, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé ẹni tó padà látibẹ̀ kò gbọ́n. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo àwọn oníkẹ̀kẹ́ wọn, ì báà jẹ́ ẹni tí ọkọ lé jáde nílé tàbí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò: dé Bẹẹrẹ ná. Lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ padà láti fi dán wọn wò. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi. Nígbà tí mo jẹun tán ni wọ́n tó ní, "Ìfẹ́ nǹkan kì í jí ṣáájú ẹni. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ jí, á bá ọ lójú ọ̀nà."

Ìyẹn ò wí pé wọn kì í bínú o. Bàbá lágídí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí n máa gun kẹ̀kẹ́, ìyá mi fárí gá. Ìyá mi ní ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan kò gbọdọ̀ máa na ẹsẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láàárín Ọjà'ba. Bàbá gbé mi lọ sọ́dọ̀ Múfú télọ̀, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n rán ṣòkòtò gígùn àti ìbòrí tí afẹ́fẹ́ ò lè ṣí fún mi. Kàkà kí ó tán síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni baba àtọmọ ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Inú pálọ̀ kan náà ni wọ́n jókòó sí, èmi ni wọ́n ń rán níṣẹ́. "Rúká, sọ fún ìyá rẹ pé iyọ̀ ọbẹ̀ yìí ti pọ̀." "Rúká, sọ fún bàbá mi pé ẹni tí iyọ̀ bá pọ̀ jù fún kó lọ se tiẹ̀." Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi Bàbá pé kí wá ni ká wí fún àwọn aráyé tó ń wò wá. Bàbá ní, "Ẹni tó bá ń wo ẹnu aráyé lórí kẹ̀kẹ́ kò ní rí kòtò."

Lẹ́yìn eré, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ "Ta ló ṣáájú?" lẹ́nu Bàbá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí lo ṣe lónìí tí o ò lè ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Múfú télọ̀ sanra, òun ló máa ń kẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. Ní Sátidé kan, ó ní òun gun òkè Mápó láti ìsàlẹ̀ dókè láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rárá. Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí Múfú lára bí ọkọ ìyàwó. Èmi tí mo ṣáájú lọ́jọ́ yẹn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú ń bí mi. Bàbá rí ojú mi. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Rúká, àná rẹ nìkan ni ojúgbà rẹ."

Alága ẹgbẹ́ àwọn eléré kẹ̀kẹ́ kan wá bá wọn nígbà kan. Ó fẹ́ ṣèlérí fóònù tuntun fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ gun òkè, ó ní ìyẹn ló máa mú wọn tara ṣàṣà. Bàbá ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ẹ̀bùn dára, ṣùgbọ́n kí ó máa bọ̀ lẹ́yìn ọmọ, kí ó má ṣe máa lọ níwájú rẹ̀. Alága bínú, ó ní ọgbọ́n àtijọ́ ni Bàbá ń lò. Bàbá sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n bá a ti ilẹ̀kùn, wọ́n wá tẹríba sójú fèrèsé ọkọ̀ náà, wọ́n ní, "Ọmọ tí ẹ bá fi ẹ̀bùn fà, ọjọ́ tí ẹ̀bùn bá tán ló máa jókòó."

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí òun ló fa gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn kóòṣì yòókù á lọ dúró sí ibi tí eré ti máa parí. Bàbá kì í débẹ̀. Wọ́n á gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní àárín òkè tó bá le jù, níbi tí kò ti sí òǹwòran kankan. Bí o bá ń bọ̀, tí ẹ̀mí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, wàá kàn rí ojú wọn. Wọn ò ní pàtẹ́wọ́. Wọ́n á pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, tó. Mo bi wọ́n ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Níbi tí eré ti parí, gbogbo èèyàn ló lẹ́bí. Ibi tó ti le ni wọ́n ń wá ẹni kù."

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Fọláṣadé dara pọ̀ mọ́ wa. Ọmọ tíṣà ni, láti ilé onígbàgbọ́ kan ní Ọ̀rányàn. Ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ojú kan án lórí òkè, ẹ ó rò pé wọ́n so okùn mọ́ ọn lókè ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ti ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú eré. Mo ti mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì rò pé ìyẹn tó.

Ìdíje ńlá kan ń bọ̀, láti Mápó sọ̀kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, gba Òkè Àrẹ̀mọ jáde sí Agodi, kí a tún padà wá gun Mápó. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá wò mí bí mo ti ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn Fọláṣadé. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní, "Ọmọ tíṣà yìí ju ọ́ lọ. Ọmọ ọmọ mi ni ọ́, ó sì ju ọ́ lọ." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí iná. Mo sáré lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mi ò rántí àná mi mọ́. Ojú Fọláṣadé nìkan ni mò ń rí.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ṣe ìdíje ọ̀hún, ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀ ní títì. Nígbà tí a ti Agodi ń padà bọ̀, àwa méjì ti fi gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀. Mo ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun Òkè Àrẹ̀mọ, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀ pé òkè yìí ló ti máa kọjá mi. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ń gbé omi fún àwọn eléré wá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọwọ́ mi nà. N ò lè sọ pé mo rò ó. Mo di ẹ̀yìn ọkọ̀ náà mú, ó sì fà mí gun òkè. Níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́ ni mo tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo gbójú sókè. Bàbá jókòó lórí àpótí wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan, a ṣe ojú mẹ́rin. Wọn ò pe orúkọ mi.

Èmi ni mo gba ipò kìíní. Wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ fún mi níwájú Gbọ̀ngàn Mápó, ìyá mi tó kọ̀ kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ ló pariwo jù. Fọláṣadé bọ̀ mí lọ́wọ́, kò wojú mi.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ní, "Rúká, ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Kò burú. Etí mi ṣì ń gbọ́."

Wọn ò bi mí mọ́. Lóṣù kejì, mo wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú mìíràn, mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo ní ìwé ni kò jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tí mo parí, mo ríṣẹ́ síbẹ̀, mo jókòó síbẹ̀. Bí mo bá wálé ọdún Iléyá, mo máa ń rí i pé èmi àti Bàbá nìkan ò jọ wà nínú yàrá. Ẹ wá wo bí ọkàn ẹni tó jẹ̀bi ṣe ń ṣe: mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí wọn. Mo ní, ṣebí wọn ni wọ́n sọ pé ó ju mí lọ. Mo ní, ṣebí wọ́n rí mi, kí ló dé tí wọn ò sọ? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ìbínú yẹn bí ẹni gbé ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀.

Oṣù tó ṣáájú ikú wọn, mo wá kí wọn. Wọ́n ti rù, wọn ò lè dìde. Ìyá mi bọ́ síta láti gbé omi, ó wá ku àwa méjì. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Rúká, etí mi ṣì ń gbọ́ o." Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n bá yín gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀?" Wọ́n ní kí n gbé e.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ oore tí Bàbá ṣe fún wọn. Múfú télọ̀ dìde, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Rúkáyátù yìí ni adé orí Kóòṣì. Ìdíje tó jẹ lọ́jọ́ yẹn, bàbá náà ò lè gbàgbé." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wolẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Fọláṣadé ń wò mí láti apá kejì. Tíṣà ni òun náà báyìí, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dá Bàbá gúnlẹ̀.

Mo tẹ̀lé e jáde. Mo bá a níbi tó ti ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Fọláṣadé, lọ́jọ́ yẹn, ní Òkè Àrẹ̀mọ, mo di ọkọ̀ mú."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣebí ẹ̀yìn rẹ ni mo wà."

Mo jókòó sórí pèpéle. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó jókòó tì mí, ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí.

Ó ní lọ́jọ́ kejì ìdíje náà, Bàbá wá sílé àwọn ní Ọ̀rányàn. Bàbá Fọláṣadé gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pe Fọláṣadé. Bó ti yọ, Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Alájì tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, níwájú ọmọdébìnrin! Bàbá rẹ̀ sáré gbá wọn mú, ó ní, "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ọmọ yín ni!" Bàbá ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi kan gba ohun tó jẹ́ ti ọmọ mi kejì. Èmi ni mo sì fà á. Mo fi ọ̀kan na ìkejì bí ẹni fi pàṣán na ẹṣin, ìyẹn ló fi jalè."

Wọ́n ní kí àwọn jọ lọ bá àwọn alákòóso ìdíje lójú ẹsẹ̀. Bàbá Fọláṣadé ti ń wá bàtà rẹ̀ nígbà tí Fọláṣadé ní rárá. Ó sọ fún wọn pé òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Bàbá dé fìlà wọn padà, wọ́n ní, "Ó tọ́ sí ọ. A ó dúró dè é."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o ò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nígbà náà?"

Ó ní, "Mo ti fi í sílẹ̀. Mo sọ fún Kóòṣì lọ́jọ́ yẹn pé mi ò ṣe mọ́. Wọ́n ní kí n má ṣe tìtorí ẹlòmíì kórìíra ohun tí mo fẹ́ràn. Láti ọjọ́ kejì, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá sẹ́nu ọ̀nà wa lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Wọn ò ní kí n sáré. Wọ́n á ní, 'Ṣáà sìn mí dé Bẹẹrẹ.' Ó lé ní oṣù kan kí n tó tún rẹ́rìn-ín lórí kẹ̀kẹ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Rúká, èmi àti Kóòṣì rò pé wàá sọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá mi. Ìyá mi ò bá mi wí. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ náà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Bàbá mi kú láì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Mápó. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó nǹkan bí ogún, àtọmọdé àtàgbà. Múfú náà wà níbẹ̀. Mo gbé ife náà fún Fọláṣadé lójú gbogbo wọn, mo sì sọ ohun tí mo ṣe, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Múfú bojú wo ilẹ̀. Ariwo Ọjà'ba ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ara mi ti múra sílẹ̀ fún èébú, èébú ò sì wá. Fọláṣadé gba ife náà. Ó ní, "Ó pẹ́. Ṣùgbọ́n o ṣeun."

Ọmọbìnrin kan wà níwájú, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó bi mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìwọ̀sí, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "Àǹtí, ṣé Kóòṣì àgbà bínú sí yín?"

Mo ní, "Rárá. Wọ́n dúró dè mí."